Kánsù ní kí àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù kó kúrò láàárín ọjọ́ méje: èwo ni mandamus, èwo ni judicial review, kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ kọ:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa òfin. Ìjọba ìbílẹ̀ kan kọ ìwé sí àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá títì. Ìwé náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ: pé àwọn ṣọ́ọ̀bù náà “lòdì sí bye-law” (òfin tí kánsù fúnra rẹ̀ ṣe), pé kí kálukú kó kúrò láàárín ọjọ́ méje, pé bí wọn kò bá kó, kánsù yóò wó o, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni yóò sì san owó katapílà. Kò dárúkọ bye-law wo, kò sọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

Lórí WhatsApp ẹgbẹ́, ẹnì kan ní ká lọ gba mandamus. Ẹlòmíràn ní judicial review ni. Ẹ̀kẹta ní a ò lè pẹjọ́ àfi lẹ́yìn oṣù kan, nítorí pre-action notice. Ẹ̀kẹrin ní fundamental rights, ìyẹn ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, ló yá jù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èwo ló bá irú ọ̀rọ̀ yìí mu, kí ni ká sì kọ́kọ́ ṣe?

Lọ́yà_Ẹ̀gbá kọ:

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Gbogbo ohun tí wọ́n dárúkọ yẹn ló wà lóòótọ́, àmọ́ ìlẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní aago tirẹ̀ lórí. Nínú ẹjọ́ tí ará ìlú ń bá ìjọba ṣe, ọjọ́ ló sábà máa ń pa ẹjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó débi ẹ̀tọ́ rárá. Nítorí náà, ọjọ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò ìwé náà síwájú àti sẹ́yìn. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ ya á níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí kẹ́ ẹ tó ṣí i kúrò. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tó dé sílẹ̀, ẹni tó gbé e wá àti ẹni tó gbà á. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé àti ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín lè yàtọ̀, àríyànjiyàn lórí ìyàtọ̀ yẹn nìkan sì lè gba ìjókòó kóòtù bíi mélòó kan.

Ìdí tí ọjọ́ náà fi ṣe pàtàkì ni òfin tó ń jẹ́ Public Officers Protection Act. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní irú rẹ̀ tiwọn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pè é láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì rò pé ènìyàn nìkan ni òfin yìí ń dáàbò bò o. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ọ́ ní 1998, nínú ẹjọ́ Ibrahim àti Judicial Service Committee ti Kaduna, pé ó kan iléeṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀. Kánsù wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń ka oṣù mẹ́ta náà wà nínú Interpretation Act: wọn kì í ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ni ọjọ́ ìkẹyìn. Àmọ́ ẹ má dúró de ọjọ́ ìkẹyìn. Nẹ́tíwọọ̀kì ìsanwó kóòtù lè daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òṣìṣẹ́ kóòtù lè wà lórí ìyanṣẹ́lódì.

Òjò_Ń_Rọ̀ kọ:

Kí lẹ tún ń ka ọjọ́ fún? Kánsù ò lágbára kankan lórí ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni. Ultra vires ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lọ́yà_Ẹ̀gbá kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká rọra. Ultra vires ni kí aláṣẹ ṣe kọjá agbára tí òfin fún un. Kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan kọjá ààlà, ẹ ní láti mọ ibi tí ààlà náà wà. Ẹ ṣí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 síbi Àfikún Kẹrin. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìlà (e) sọ̀rọ̀ ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìpẹran. Ìlà (k) dárúkọ ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì ní tààràtà pẹ̀lú pátákó ìpolówó àti ilé oúnjẹ. Lọ́yà tó bá wọ kóòtù tó ní kánsù ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù, agbẹjọ́rò kánsù yóò kàn ka ìlà yẹn síta, yóò sì jókòó.

Ibi tí ultra vires ti lè ṣiṣẹ́ kéré ju ohun tí ẹ sọ lọ, ó sì mú jù ú. Ṣé bye-law náà wà? Ṣé ìgbìmọ̀ àwọn káńsílọ̀ ló ṣe é, àbí alága nìkan ló kọ lẹ́tà tó pè é ní bye-law? Ṣé bye-law náà fún kánsù lágbára láti wó nǹkan, àbí owó ìtanràn nìkan ló fún un lágbára láti gbà? Àwọn ìbéèrè tó ń já ìwé kánsù nù nìyẹn.

Àǹtí_Registry kọ:

Mo fara mọ́ Lọ́yà. Ohun tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú ni pé wọ́n ń pe gbogbo ìwé ìjọba ní òfin. Wọn ò dọ́gba. Èyí tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe ni Act. Èyí tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe ni Law. Bye-law jẹ́ ti kánsù, ó sì wà lábẹ́ àwọn méjèèjì. Regulations ni èyí tí mínísítà, kọmíṣọ́nà tàbí àjọ kan ṣe nítorí pé Act tàbí Law kan ní kó ṣe é, ìlà tó fún un láṣẹ yẹn sì gbọ́dọ̀ ṣeé tọ́ka sí. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni sákúlà, ìkéde orí rédíò àti “àṣẹ láti òkè”. Àwọn yẹn lè darí òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, wọn ò lè sọ ará ìlú di ọ̀daràn.

Abala 36(12) nínú Ìwé Òfin ni ìdí rẹ̀: a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí òfin tó wà ní kíkọ kò ṣàlàyé, tí kò sì sọ ìjìyà rẹ̀. Láti ìgbà ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi ní 1961, nígbà tí wọ́n dá obìnrin kan lẹ́bi àgbèrè tí kò sí nínú ìwé òfin kankan níhìn-ín ní gúúsù, ni irú ìdájọ́ yìí ti ń bọ̀. Ó tún padà wá ní 2016 nínú ẹjọ́ Okafor àti Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, lórí ìmọ́tótó oṣooṣù tí wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn jáde nígbà náà. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní àṣẹ tí gómìnà pa lẹ́nu kì í ṣe òfin tí a lè fi dá ènìyàn lẹ́bi.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Báwo la ṣe máa rí bye-law náà nígbà tí wọn ò dárúkọ rẹ̀?

Àǹtí_Registry kọ:

Ẹ bèèrè rẹ̀ ní kíkọ lábẹ́ Freedom of Information Act 2011 (FOI), òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba. Ẹ kò ní láti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Abala 1 gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Iléeṣẹ́ náà ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Bí ohun tí ẹ bèèrè bá pọ̀ tàbí tó bá gba kí wọ́n kàn sí iléeṣẹ́ mìíràn, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà. Bí wọn kò bá fèsì, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀, ẹ sì ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sí kóòtù. Iléeṣẹ́ tó bá kọ̀ láìnídìí lè san ìtanràn ₦500,000. Ẹni tí kò lè kọ tàbí kà lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè sọ ọ́ lẹ́nu, kí òṣìṣẹ́ tó gbà á kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ àti kánsù máa ń sọ pé òfin àpapọ̀ yìí kò kan àwọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti pa ẹnu àríyànjiyàn yẹn dé ní oṣù kẹrin 2025, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Ẹdó: gbogbo ìjọba ló kàn.

Nínú lẹ́tà náà, ẹ má bèèrè “photocopy”. Certified true copy, ìyẹn ẹ̀dà tí òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́rìí sí, ni kẹ́ ẹ bèèrè. Bye-law jẹ́ ìwé ìjọba, Evidence Act kò sì gba ẹ̀dà ìwé ìjọba wọlé ní kóòtù bí kò bá ní òǹtẹ̀ ẹ̀rí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní káńtà. Ó yẹ kó ní ọ̀rọ̀ pé ẹ̀dà òtítọ́ ni, orúkọ òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí i, ipò rẹ̀, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ àti ọjọ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó tí ẹ san pẹ̀lú, nítorí pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ní 2011, nínú ẹjọ́ Tabik àti GTBank, pé sísan owó náà wà lára ohun tó ń mú ẹ̀dà pé. Mo ti rí òǹtẹ̀ tó kàn jẹ́ àwọ̀ pupa lásán, láìsí orúkọ, láìsí ọjọ́. Ìwé lásán ni.

Bísí_Ìmọ̀Òfin kọ:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, fair hearing, ìyẹn ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ tó tọ́, ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n láti gbọ́ tẹnu wọn.

Lọ́yà_Ẹ̀gbá kọ:

Ìbéèrè tó dára nìyẹn, àbúrò. Tí ó bá jẹ́ èmi, ibẹ̀ ni mo máa fi gbogbo agbára mi sí.

Gbogbo ènìyàn ló mọ abala 36(1) nínú Ìwé Òfin, tó fúnni ní ẹ̀tọ́ yìí. Èyí tí wọ́n ń gbàgbé ni 36(2). Ó gbà pé aláṣẹ ìjọba, kì í ṣe adájọ́ nìkan, lè ṣe ìpinnu tó kan ẹ̀tọ́ ará ìlú. Àmọ́ òfin tó fún un lágbára gbọ́dọ̀ ní nǹkan méjì: kó fún ẹni tọ́rọ̀ kàn láyè láti sọ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó pinnu, kó má sì sọ pé ìpinnu aláṣẹ náà ni òpin ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ wò mọ́.

Ẹ wá padà sí ìwé kánsù yìí. Ọjọ́ méje wà nínú rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ méje láti kó kúrò kì í ṣe ọjọ́ méje láti fèsì. Wọ́n ti pinnu tán kí ìwé tó jáde. Ìwé tó bá òfin mu yóò sọ ẹ̀sùn, yóò dárúkọ bye-law àti abala rẹ̀, yóò sọ ohun tí wọ́n rí ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti máa gbọ́ tẹnu yín.

Apá kejì fair hearing ni pé ẹni tọ́rọ̀ dùn kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga onídàájọ́. Garba àti Yunifásítì Maidúgùrì, 1986, ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí: wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí rògbòdìyàn, Igbákejì Ọ̀gá Àgbà tí rògbòdìyàn náà kàn sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹ̀sùn wọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé e.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Bí kánsù bá pè yín, tí ẹ kọ̀ láti lọ, ẹ ti fọwọ́ ara yín pa àríyànjiyàn yìí. Àyè láti sọ̀rọ̀ ni òfin ń fúnni. Ẹni tí kò bá lò ó kò lè padà wá ráhùn.

Nítorí náà, kí ọjọ́ méje tó pé, kẹ́ ẹ kọ èsì. Kó má gùn. Bíi báyìí:

“A gba ìwé yín tí ẹ kọ lọ́jọ́ báyìí, ó dé ọwọ́ wa lọ́jọ́ báyìí. Ìwé náà kò dárúkọ bye-law tí ẹ ń lò, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ abala rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ wọn fún wa. A kò gbà pé a rú òfin kankan. A ń bèèrè pé kí ẹ gbọ́ tẹnu wa kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ kankan, a sì ṣe tán láti wá lọ́jọ́ tí ẹ bá dá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọwọ́ wíwó dúró títí tí ẹ ó fi gbọ́ tẹnu wa.”

Ẹ̀dà méjì. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ “received” pẹ̀lú ọjọ́ sórí èkejì, ẹ̀yin lẹ ó mú ìyẹn lọ ilé. Bí akọ̀wé kánsù bá kọ̀ láti lu òǹtẹ̀, ẹ fi kúríà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé kúríà. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà náà. Adájọ́ ló máa kà á lẹ́yìn ọ̀la.

Òjò_Ń_Rọ̀ kọ:

Ó dáa, mo gbà. Mandamus wá ńkọ́?

Àǹtí_Registry kọ:

Bàbá, mandamus kò bá tiyín mu rárá. Àṣẹ tó ń fipá mú òṣìṣẹ́ ìjọba láti ṣe iṣẹ́ tí òfin ti pọn dandan fún un ni. Àpẹẹrẹ ni kí ẹ ti san gbogbo owó, kí ìwé yín pé, kí òṣìṣẹ́ wá di fáìlì náà mú láìfèsì. Kódà níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè kí ó kọ̀, tàbí kí ó dákẹ́ títí tó fi jọ pé ó kọ̀. Ẹni tí kò bá ní lẹ́tà tó fi bèèrè kò ní mandamus.

Certiorari ni kóòtù fi ń gbé ìpinnu aláṣẹ wá síwájú ara rẹ̀, kó sì fagi lé e. Prohibition ń dá aláṣẹ dúró kó tó ṣe nǹkan. Nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí, àwọn méjèèjì yẹn ló jọ mọ́ ọn, pẹ̀lú declaration, ìyẹn kí kóòtù kéde pé ìwé náà kò bá òfin mu, àti injunction tó máa mú kí katapílà dúró.

Judicial review ni orúkọ ìlànà tí a fi ń bèèrè gbogbo ìwọ̀nyí. Kì í ṣe kóòtù kòtẹ́milọ́rùn. Adájọ́ kì í bèèrè bóyá ìpinnu kánsù dára tàbí bóyá òun ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wò bóyá wọ́n ní agbára, bóyá wọ́n tẹ̀lé ìlànà, bóyá wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni. Àṣìṣe tó pọ̀ jù tí mo ń rí nínú ìwé ìpẹjọ́ ni kí olùpẹjọ́ kọ ojú ìwé mẹ́wàá lórí bí ìpinnu náà ṣe le tó, láìsí ìlà kan lórí ìlànà tí wọ́n rú.

Ọ̀pọ̀ kóòtù ní kí ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda, tí wọ́n ń pè ní leave. Ní Federal High Court, Order 34 nínú ìlànà 2019 ni. Ẹ ó mú statement wá tó sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ohun tí ẹ ń bèèrè àti ìdí rẹ̀, pẹ̀lú àfidáfíìtì tó fi ìdí òótọ́ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni àkókò rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wo ìlànà High Court ìpínlẹ̀ tiyín, nítorí pé kì í ṣe ọ̀kan náà ni.

Lọ́yà_Ẹ̀gbá kọ:

Kí n fi kóòtù wo kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí. Kánsù àti ìjọba ìpínlẹ̀: High Court ìpínlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, abala 251(1) nínú Ìwé Òfin, ìlà (p), (q) àti (r), gbé e lọ sí Federal High Court. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọba, owó oṣù, ìlénilẹ́nu-iṣẹ́ lọ sí National Industrial Court lábẹ́ 254C. Bí ẹ bá lọ sí kóòtù tí kò ní agbára, ẹ lè lo ọdún méjì níbẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹjọ́ náà nù, oṣù mẹ́ta yín yóò sì ti jóná láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọmọ_Peckham kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Àwọn kan nílé ń da àpẹẹrẹ lẹ́tà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì níhìn-ín kọ. Ẹ ṣọ́ra. Níhìn-ín, FOI jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 20, kì í ṣe ọjọ́ méje. Judicial review gbọ́dọ̀ wọlé kíákíá, bó bá pẹ́ jù, kó má kọjá oṣù mẹ́ta, àmọ́ ti ìwé àṣẹ ilé kíkọ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Lẹ́tà tí a ń kọ ṣáájú ẹjọ́ sábà máa ń fún wọn ní ọjọ́ 14. Wọ́n tilẹ̀ ti yí orúkọ certiorari padà sí quashing order. Ẹ̀ka ìlànà kan náà ni, nítorí ibẹ̀ ni tiwa ti wá, àmọ́ iye ọjọ́ wọn ò bára mu.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ kọ:

Ẹ ṣeun, ọmọ ìyá. Ẹ̀yin lọ́yà, ọ̀rọ̀ pre-action notice ló ń bà wá lẹ́rù jù. Bí oṣù kan bá gbọ́dọ̀ kọjá ká tó pẹjọ́, tí kánsù sì máa wó o ní ọjọ́ keje, kí la fẹ́ gbà là?

Lọ́yà_Ẹ̀gbá kọ:

Ibi tó nira jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lẹ kàn yẹn.

Pre-action notice ni ìwé tí òfin kan ní kẹ́ ẹ fún iléeṣẹ́ ìjọba kí ẹ tó pè é lẹ́jọ́. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló ní in. Òfin tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ló máa sọ ọ́, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì sọ pé oṣù kan. Ohun tó máa wà nínú rẹ̀: orúkọ àti àdírẹ́sì olùpẹjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀tọ́ tí wọ́n rú àti ohun tí ẹ máa bèèrè ní kóòtù. Lẹ́tà tó kàn sọ pé “a máa gbé yín lọ sí kóòtù” kò tó. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ní 2000, nínú ẹjọ́ Amadi àti NNPC, pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ta ko Ìwé Òfin. Ó sì tún sọ ní 2002, nínú ẹjọ́ Mobil àti LASEPA, pé iléeṣẹ́ tí kò bá gbé àìrí ìwé náà dìde lè ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ má gbára lé ìyẹn o. Wọn kì í gbàgbé láti gbé e dìde.

Pàkúté rẹ̀ nìyí: ẹ má retí pé oṣù kan notice yóò dá oṣù mẹ́ta Public Officers Protection dúró. Ẹni tó bá lo oṣù méjì lórí ẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ alága, tó wá kọ notice ní ìparí oṣù kejì, oṣù kan notice rẹ̀ yóò parí lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta parí. Nítorí náà, ẹ kọ notice láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa bá ẹ̀bẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kì í dá aago dúró.

Ti katapílà ọjọ́ keje, ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni fundamental rights. Ẹ̀tọ́ sí dúkìá wà ní abala 43 àti 44, fair hearing wà ní 36, Orí Kẹrin nínú Ìwé Òfin ni gbogbo wọn wà. Fundamental Rights (Enforcement Procedure) Rules 2009 kò bèèrè leave. Order III rẹ̀ sọ kedere pé òfin tó ń ká ọjọ́ mọ́ ẹjọ́ lọ́wọ́ kò kàn án. Olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ márùn-ún láti fèsì lẹ́yìn tí ìwé bá dé ọwọ́ rẹ̀, kóòtù sì gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ méje tí ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀. Ẹ lè bèèrè àṣẹ kíákíá pé kí kánsù má fọwọ́ kan nǹkan kan títí di ọjọ́ náà.

Ó ní ààlà tirẹ̀. Láti ìgbà ẹjọ́ Tukur àti Ìjọba Tàrábà ní 1997 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti ń sọ pé ẹ̀tọ́ Orí Kẹrin gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí ohun tí ẹ ń bèèrè, kì í ṣe ohun tó rọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Bí ìjà gidi bá jẹ́ ta ló ni ilẹ̀, kóòtù yóò dá a nù. Ẹ kọ ọ́ báyìí: kánsù fẹ́ ba dúkìá wa jẹ́ láìgbọ́ tẹnu wa. Ẹ má kọ ọ́ pé: ilẹ̀ yìí, tiwa ni láti ìgbà baba ńlá wa.

Bísí_Ìmọ̀Òfin kọ:

Ṣé ẹgbẹ́ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ lè pẹjọ́ ní orúkọ ẹgbẹ́?

Àǹtí_Registry kọ:

Ó dá lórí bóyá ẹgbẹ́ náà wà ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Part F nínú CAMA 2020, òfin tí CAC ń lò, “Incorporated Trustees of” ni orúkọ náà fi máa bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí sátífíkéètì. Bí wọn kò bá forúkọ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ènìyàn lójú òfin. Ẹnì méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ni kó pẹjọ́ fún ara wọn àti fún àwọn yòókù, pẹ̀lú ìwé tí gbogbo wọn fọwọ́ sí. Nínú ẹjọ́ fundamental rights, ìdájọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kò ṣọ̀kan lórí bóyá ọ̀pọ̀ ènìyàn lè para pọ̀ sórí ìwé kan. Lọ́yà tó bá fara balẹ̀ á fi tẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, owó fáìlì á pọ̀ sí i díẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ kánsù bó ṣe wà nínú òfin. “Alága Kánsù” nìkan kò tó.

Òjò_Ń_Rọ̀ kọ:

Àwọn tí kò lówó lọ́yà ńkọ́? Ṣé Public Complaints Commission, àjọ tó ń gba ẹ̀sùn ará ìlú lórí ìjọba, kò lè bá wọn parí ẹ̀?

Lọ́yà_Ẹ̀gbá kọ:

Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, láti 1975 ló sì ti wà. Ó lè pe kánsù, ó lè yẹ fáìlì wò, ó lè dámọ̀ràn. Kò lè pàṣẹ injunction, kì í sì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó ti wà ní kóòtù. Ó dára fún owó ìfẹ̀yìntì tí wọn kò san, fáìlì tó sọnù, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n dì mú. Fún katapílà ọjọ́ keje, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran aláìní lọ́wọ́ ní kóòtù, ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n mú ìwé owó tó ń wọlé fún wọn lọ́wọ́. Ẹ̀sùn tí ẹ fi sùn ní Commission kò dá oṣù mẹ́ta dúró pẹ̀lú.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ kọ:

Ìbéèrè ìkẹyìn. Bí kóòtù bá dá wa láre, tí wọ́n sì wó o náà ńkọ́?

Lọ́yà_Ẹ̀gbá kọ:

Ìjọba tó fipá lé ènìyàn jáde nílé nígbà tí ẹjọ́ wà ní kóòtù ti rí ìbínú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ nínú ẹjọ́ Gómìnà Ológun Èkó àti Ojukwu, 1986. Àmọ́ ẹ má fi ìwé ìdájọ́ nìkan sílé. Bí kóòtù bá ti pàṣẹ, ẹ gba enrolled order, ìyẹn àṣẹ náà fúnra rẹ̀ tí registry tẹ̀ síta, kí bélífù fi lé kánsù lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì búra sí àfidáfíìtì pé òun fi lé wọn lọ́wọ́. Form 48 ló tẹ̀ lé e, tó ń kìlọ̀ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá rú àṣẹ. Bí wọ́n bá rú u, Form 49 ń pe ẹni tó rú u kó wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní rán òun lọ sẹ́wọ̀n. Ní ibí yìí, orúkọ òṣìṣẹ́ tó pàṣẹ wíwó ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ló fi yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí owó ni kóòtù dá fún yín, tó sì wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, abala 84 nínú Sheriffs and Civil Process Act ní kẹ́ ẹ gba ìyọ̀ǹda Attorney-General kí ẹ tó fi garnishee, ìyẹn àṣẹ kóòtù tó ń mú owó níbi tó wà, mú un. Lẹ́tà ìbéèrè ìyọ̀ǹda yẹn gan-an, ẹ gba òǹtẹ̀ “received” sórí ẹ̀dà rẹ̀.